Bí Ẹgbẹ́ Onílé Ṣe Lè Mọ̀ Bóyá Dídẹ́kun Àìlétò Kéékèèké Yóò Dín Ìwà Ọ̀daràn Ńlá Kù

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún alága tàbí akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé, tàbí ayálégbé tó ń bá wọn jókòó, ní ọjọ́ tí ẹnì kan bá dìde nínú ìpàdé tó sọ pé kí a kọ́kọ́ lé àwọn tó ń pàtẹ sójú títì, kí a mú àwọn tó ń tọ̀ sára ògiri, kí a sì ní kí ọlọ́pàá wá kó àwọn ọmọ tó ń mugbó lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, nítorí pé bí a bá dẹ́kun kékeré, ńlá kò ní dé. Ọ̀rọ̀ náà máa ń dùn létí, nítorí pé ó bá ohun tí a ti ń gbọ́ láti kékeré mu: kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹgbẹ́ tó dáwó, kí ó sì tó kọ lẹ́tà sí àgọ́ ọlọ́pàá, ó yẹ kí ó mọ ibi tí àbá náà ti wá, ibi tí wọ́n ti dán an wò, ohun tí wọ́n rí níbẹ̀, àti bí a ṣe lè dán an wò ní òpópónà tiwa láìtan ara wa jẹ.

Ohun tí àbá náà sọ gan-an

Ní oṣù kẹta ọdún 1982, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà méjì, James Q. Wilson àti George Kelling, kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé ìròyìn olóṣooṣù, wọ́n sì fi fèrèsé fífọ́ ṣe àpèjúwe. Wọ́n ní bí fèrèsé kan bá fọ́ lára ilé tí a kò sì tún un ṣe, kò ní pẹ́ tí gbogbo ìyókù yóò fi fọ́, nítorí pé fèrèsé tí a pa tì ń sọ fún ẹni tó ń kọjá lọ pé kò sẹ́ni tó bìkítà níbẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí ni pé wọn kò sọ pé fèrèsé fífọ́ ló ń bí adigunjalè. Okùn ọ̀rọ̀ wọn gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ: àìlétò kéékèèké a máa dẹ́rù ba àwọn ará àdúgbò, ẹ̀rù náà a mú kí wọ́n tètè tilẹ̀kùn, kí wọ́n má jókòó síta mọ́, kí wọ́n má sì dá sí ohun tí kò kàn wọ́n, ìgbà tí ìta bá wá dá páropáro ni olè tòótọ́ ń rí àyè. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ yóò bi ara rẹ̀ kì í ṣe iye ìdọ̀tí tó wà lójú títì, bí kò ṣe bóyá àwọn ènìyàn ṣì ń jókòó síta lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ṣú, tí wọ́n sì ṣì ń bá ọmọ ọlọ́mọ wí.

Ìtàn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ méjì wà lára ohun tí wọ́n fi gbe ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀. Ní 1969, Philip Zimbardo, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, gbé ọkọ̀ kan tí kò ní nọ́ńbà kalẹ̀ ní Bronx ní ìlú New York, ó sì gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ ní Palo Alto ní California. Láàárín ọjọ́ kan, wọ́n ti tú gbogbo ohun tó níye lórí lára ti Bronx. Ti Palo Alto wà bẹ́ẹ̀ fún ohun tó lé ní ọ̀sẹ̀ kan, àfìgbà tí Zimbardo fúnra rẹ̀ gbé òòlù tì í, ni àwọn tó ń kọjá lọ bá bá a dá sí i. Ìtàn náà dára láti sọ, ṣùgbọ́n ọkọ̀ méjì kò tó ohun tí a ń gbé òfin ìlú lé. Èyí tó wúlò jù fún yín ni ti Newark ní New Jersey, níbi tí Kelling ti wà lára àwọn tó ṣe àyẹ̀wò. Wọ́n ní kí ọlọ́pàá máa fẹsẹ̀ rìn káàkiri àdúgbò dípò kí wọ́n jókòó sínú ọkọ̀. Àbájáde rẹ̀, tó jáde ní 1981, ni pé ìwà ọ̀daràn kò dín kù, ṣùgbọ́n ọkàn àwọn ará àdúgbò balẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìfọ̀kànbalẹ̀ kì í ṣe ohun kékeré, mo gbà, ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ pé olè ti dín kù.

Ẹ fa ìlà sí àárín ìwé

Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ fa ìlà sí àárín rẹ̀. Ní apá kan, ẹ kọ gbogbo àìlétò tó jẹ́ ti ibi: iná títì tó kú, gọ́tà tó dí, pùlọ́ọ̀tì tó ti di igbó, ọkọ̀ tó dòkú sẹ́bàá ọ̀nà, ilé tí wọn kò kọ́ parí tí kò sì ní ilẹ̀kùn, ògiri ilé ẹ̀kọ́ tó ti ya. Ní apá kejì, ẹ kọ ti ènìyàn: àwọn tó ń pàtẹ, àwọn ọ̀dọ́ tó ń jókòó sórí gọ́tà, ọ̀mùtí, alágbe, ẹni tí orí rẹ̀ kò pé tó ń sùn sí ìsọ̀ onísọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da méjèèjì pọ̀ nínú ìpàdé, nítorí pé ibi ìlà yẹn gan-an ni ẹ̀rí ti pín sí méjì.

Ní ìlú Lowell ní Massachusetts, wọ́n mú ibi 34 tí wàhálà ti máa ń pọ̀ jù, wọ́n so wọ́n pọ̀ ní méjì méjì gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe jọra, wọ́n sì ṣẹ́ gègé láti mọ èyí tí ọlọ́pàá yóò tọ́jú nínú méjì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2008, ìpè tí àwọn ènìyàn ń pe ọlọ́pàá láti àwọn ibi tí wọ́n tọ́jú ti fi nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù ní ìfiwéra pẹ̀lú àwọn ibi tí wọn kò fọwọ́ kàn. Wọ́n tú iṣẹ́ náà wò láti mọ èyí tó ṣe é jù. Títún ibẹ̀ ṣe ni: títan iná, títi ilé ahoro pa, kíkó pàǹtí kúrò, mímú kí onílé ṣe ojúṣe rẹ̀. Mímú àwọn tó dẹ́ṣẹ̀ wẹ́wẹ́ kó ipa tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó ti títún ibi ṣe.

Ní Philadelphia, gègé ni wọ́n ṣẹ́ lórí ilẹ̀ ahoro 541. Àwọn tí gègé mú, wọ́n kó pàǹtí inú wọn, wọ́n gbin koríko àti igi díẹ̀, wọ́n sì fi pákó ṣe ọgbà kúkúrú yí wọn ká, irú èyí tí ènìyàn lè wọlé gbà kọjá tí ọkọ̀ kò sì lè wọ̀ ọ́ láti da ilẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí àbájáde jáde ní 2018, ìwà ipá tó jẹ mọ́ ìbọn ti dín kù ní ìdá 29 nínú ọgọ́rùn-ún ní àwọn àdúgbò tó tòṣì jù. Ní New York, ní 2016, wọ́n gbé àwọn iná ńláńlá lọ sí àwọn ọgbà ilé kan tí ìjọba kọ́ fún aráàlú láti máa gbé, àwọn tí wọ́n ṣẹ́ gègé mú, ìwà ọ̀daràn ńlá tó ń ṣẹlẹ̀ níta lálẹ́ sì fi nǹkan bí ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún wálẹ̀. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ ògiri ni gbogbo ẹ̀rí yìí ń sọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀ka ìrókò.

Bí wọ́n bá fi New York dá yín lóhùn

Ẹni tó fẹ́ kí a kó àwọn ọmọ tó ń jókòó kiri yóò dárúkọ New York, ó sì dára kí ẹ mọ ìtàn náà jù ú lọ. Láti 1984 ni David Gunn, ọ̀gá àwọn ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ìlú náà, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pé ọkọ̀ tí wọ́n bá ti fọ̀ mọ́ kò gbọ́dọ̀ tún gbé ọ̀dà tí àwọn ọmọ fín sí i lára jáde mọ́. Ní oṣù karùn-ún 1989, wọ́n yọ èyí tó gbẹ̀yìn nínú àwọn ọkọ̀ tí ọ̀dà bò kúrò lójú irin. Ní 1990, William Bratton di ọ̀gá ọlọ́pàá ojú irin abẹ́ ilẹ̀, ó sì dojú kọ àwọn tó ń fo géètì wọlé láìsanwó. Wọ́n rí i pé nǹkan bí ẹnì kan nínú 7 tí wọ́n mú ni ilé ẹjọ́ ti ń wá tẹ́lẹ̀ lórí ọ̀ràn mìíràn. Ní 1994, Rudolph Giuliani di olórí ìlú, ó fi Bratton ṣe ọ̀gá ọlọ́pàá New York, wọ́n sì gbé ọ̀nà náà bọ́ sójú títì, ó dé orí àwọn tó ń mutí ní gbangba àti àwọn tó ń fi tipátipá nu gíláàsì ọkọ̀ gbowó. Ìpànìyàn, tó jẹ́ 2,245 ní 1990, wálẹ̀ dé 633 ní 1998.

Òótọ́ ni iye yẹn, kò sì yẹ kí ẹ jiyàn lórí rẹ̀. Ohun tó yẹ kí ẹ béèrè ni ohun tó fà á. Ìpànìyàn ti wálẹ̀ sí 1,946 ní 1993, kí Giuliani tó gorí àga. Láti 1991, lábẹ́ David Dinkins tó ṣáájú rẹ̀, ni wọ́n ti ṣe òfin owó tí wọ́n fi gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọlọ́pàá kún ti tẹ́lẹ̀. Ní 1994 náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ CompStat, ìpàdé tí wọ́n ti ń tẹ́ àwòrán ìlú síwájú ọ̀gá àgọ́ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì ń bi í ní ibi tí olè ti jà àti ohun tó ti ṣe sí i. Oògùn olóró tí wọ́n ń pè ní crack, tó dá ìjà ìbọn sílẹ̀ láti àárín àwọn ọdún 1980 sókè, ń rọlẹ̀ lásìkò kan náà. Ìwà ọ̀daràn sì wálẹ̀ ní San Diego náà, níbi tí iye ènìyàn tí ọlọ́pàá ń mú ti ń dín kù, tí wọ́n sì ń bá àwọn ará àdúgbò yanjú ìṣòro. Nígbà tí àwọn olùṣèwádìí méjì, Bernard Harcourt àti Jens Ludwig, tún àkọsílẹ̀ New York yẹ̀ wò ní 2006, wọ́n rí i pé àwọn àgbègbè tí ìwà ipá ti gòkè jù ní ìgbà crack ni ó ti wálẹ̀ jù lẹ́yìn náà, àti pé àwọn àgbègbè yẹn náà ni ọlọ́pàá ti ń mú ènìyàn jù. Ibà tó ti dé góńgó yóò rọlẹ̀. Ẹni tó bá fún aláìsàn ní àgbo ní ọjọ́ yẹn gan-an ni yóò gbàmì ẹ̀yẹ.

Ní ti àwọn tí kò sanwó ọkọ̀, mo rò pé iṣẹ́ àwọ̀n ni mímú wọn ṣe, kì í ṣe iṣẹ́ fèrèsé. Àwọn ẹni tí ilé ẹjọ́ ń wá ti wà nínú omi tẹ́lẹ̀, ọlọ́pàá kàn rí ibi tí yóò da àwọ̀n sí ni. Èyí yàtọ̀ sí kí a sọ pé fífo géètì ló ń sọ ọmọ ènìyàn di apànìyàn.

Ẹ tún béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n dẹ ọwọ́. Ní 2011, ọlọ́pàá New York dá ènìyàn dúró lójú títì láti yẹ̀ wọ́n wò ní ìgbà 685,724, àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn tó ń sọ èdè Sípáníìṣì sì ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ní 2013, adájọ́ ìjọba àpapọ̀ dájọ́ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é lòdì sí òfin orílẹ̀-èdè. Iye náà já wálẹ̀, síbẹ̀ ìpànìyàn ń bá a lọ láti dín kù, ó sì jẹ́ 292 ní 2017. Ní ìparí 2014, lẹ́yìn tí wọ́n pa ọlọ́pàá méjì, àwọn ọlọ́pàá ìlú náà dẹ ọwọ́ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méje, wọn kò fẹ́ kọ ìwé ẹ̀sùn fún ẹ̀ṣẹ̀ wẹ́wẹ́; àyẹ̀wò tó jáde ní 2017 fi hàn pé ńṣe ni ẹjọ́ ìwà ọ̀daràn ńlá tí àwọn ènìyàn ń fi sùn dín kù ní àkókò náà. Ní 2016, ọ́fíìsì tí ìjọba ìlú yàn láti máa ṣàyẹ̀wò iṣẹ́ ọlọ́pàá náà kéde pé àwọn kò rí ẹ̀rí tó so ìwé ẹ̀sùn ẹ̀ṣẹ̀ wẹ́wẹ́ mọ́ dídínkù ìwà ọ̀daràn ńlá láàárín 2010 sí 2015. Ẹ má sì gbàgbé ohun tí irú iṣẹ́ yìí lè ná ni. Ní oṣù keje 2014, Eric Garner kú sọ́wọ́ ọlọ́pàá ní Staten Island. Ẹ̀sùn pé ó ń ta sìgá ní ẹyọ ẹyọ ni wọ́n tìtorí rẹ̀ tọ̀ ọ́ lọ.

Kí n má baà ṣègbè, nígbà tí olùṣèwádìí Anthony Braga àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó 30 irú ìdánwò báyìí jọ ní 2015, wọ́n rí i pé dídojúkọ àìlétò ń dín ìwà ọ̀daràn kù díẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ọlọ́pàá àti ará àdúgbò ti jọ ń wá ojútùú sí ìṣòro ibì kan pàtó ni èrè náà wà. Èyí tó jẹ́ kíkó ènìyàn lásán kò mú èrè kan tó ṣe é gbá mú wá.

Ìyá kan náà ló bí wọn

Kò sí àní-àní pé àìlétò ń bí àìlétò. Ní Groningen ní ilẹ̀ Netherlands, àwọn olùṣèwádìí ki àpòòwé tí owó yúrò 5 hàn lára rẹ̀ bọ ẹnu àpótí lẹ́tà. Níbi tí àyíká ti mọ́, ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó kọjá ló jí i. Níbi tí wọ́n ti fín ọ̀dà sára àpótí náà, ó di ìdá 27. Èyí jáde ní 2008. Ṣùgbọ́n láti orí yúrò 5 dé orí ìdigunjalè, ọ̀nà jìn. Ní Chicago, ní 1995, wọ́n fi ọkọ̀ tó ní kámẹ́rà rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ gba apá òpópónà tó lé ní 23,000 kọjá ní àdúgbò 196, wọ́n sì ka gbogbo ìdọ̀tí, ilé ahoro àti ọ̀mùtí tí wọ́n rí. Ohun tí Robert Sampson àti Stephen Raudenbush kọ jáde ní 1999 ni pé àìlétò kì í sábà bí ìwà ọ̀daràn ńlá. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Òṣì tó kóra jọ sójú kan, àti kí aládùúgbò má fọkàn tán aládùúgbò, ló bí àwọn méjèèjì. Olè jíjà pẹ̀lú ipá nìkan ni ó ṣì fara mọ́ àìlétò lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ àwọn nǹkan wọ̀nyí kúrò.

Ẹ rìn ín lálẹ́

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, kí ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún rìn gbogbo àdúgbò náà láàárín agogo mẹ́jọ sí mẹ́wàá alẹ́, kí obìnrin méjì ó kéré tán wà nínú wọn, nítorí pé ibi tí ọkùnrin ń gbà kọjá láìronú ni obìnrin ń yí gba ọ̀nà mìíràn. Kí wọ́n mú àwòrán àdúgbò tí wọ́n fọwọ́ yà dání, kí wọ́n sàmì sí gbogbo ibi tí wọ́n ti gba fóònù, ibi tí wọ́n ti fọ́lé, ibi tí wọ́n ti yọ bátìrì ọkọ̀ láàárín ọdún kan sẹ́yìn. Kí wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣòwò lálẹ́, nítorí pé àwọn ni wọ́n mọ̀. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n wá sàmì sí àwọn àìlétò tó wà ní apá kìíní ìwé yín. Ibi tí àmì méjèèjì bá ti pàdé ni owó yín yóò kọ́kọ́ lọ. Iná sólà kan ní ibi tí wọ́n ti ja ènìyàn lólè lẹ́ẹ̀mẹta yóò ṣiṣẹ́ ju mẹ́wàá lọ tí a pín fún àwọn tó dáwó jù.

Mo ti jókòó níbi ìpàdé onílé tí wọ́n ti pinnu láti lé ìyá tó ń din àkàrà ní ìkóríta, nítorí èéfín àti nítorí pé ó ń kó èrò jọ. Ẹ ronú dáadáa kí ẹ tó ṣe irú rẹ̀. Iná rẹ̀ ń tàn, ojú rẹ̀ ń wo ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì mọ ẹni tó jẹ́ àlejò. Bí ẹ bá gbé e kúrò, ẹ ti fi ọwọ́ ara yín sọ ìta di páropáro. Ẹ bá a wá ibi tí kò ti ní dí ọ̀nà. Iṣẹ́ ìmọ́tótó àyíká ni wọ́n dá KAI, ẹ̀ṣọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, sílẹ̀ fún ní 2003, wọ́n sì lè rí ìdí tiwọn láti lé e. Ṣùgbọ́n kí ẹgbẹ́ má ṣe pe ìyẹn ní ọgbọ́n ìdènà olè.

Ohun tí ẹ lè béèrè lọ́wọ́ DPO

Ẹ béèrè pé kí ọlọ́pàá máa fẹsẹ̀ kọjá ní àwọn ibi méjì tàbí mẹ́ta tí àmì ti pọ̀ jù lórí àwòrán yín, ní àwọn wákàtí tí ẹ kọ sílẹ̀, kí wọ́n sì máa dúró kí àwọn ènìyàn. Ẹ má béèrè pé kí wọ́n wá kó gbogbo ẹni tó bá ń jókòó kiri. Òfin àpapọ̀ Nàìjíríà kan ní 1989 ti fòpin sí fífi ẹ̀sùn kan ènìyàn nítorí pé a rí i tó ń rìn káàkiri nìkan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wa mọ ẹni tí wọ́n ṣì tìtorí ẹ̀ gbé rí. Ọmọ tí wọ́n gbé lọ́nà bẹ́ẹ̀, tí ìyá rẹ̀ yá owó láti fi gbà á jáde, kò ní pe yín ní alẹ́ ọjọ́ tó bá rí àwọn àjèjì tó ń fo fẹ́ǹsì. Ohun kan náà ni ti ọdẹ àdúgbò: ẹ kọ ọ́ sínú ìwé tí ẹ fi gbà á síṣẹ́ pé fèrè àti fóònù ni iṣẹ́ rẹ̀, kò ní àṣẹ láti na ẹnikẹ́ni.

Ní ti pùlọ́ọ̀tì tó di igbó àti ilé tí wọn kò kọ́ parí, ẹni tó ni ín ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí, kí ẹ fún un ní ọjọ́ kan pàtó, kí ẹ sì fi ẹ̀dà lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí ìjọba ìbílẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn wà ní òkè òkun tí wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé igbó ti bo ibẹ̀. Fọ́tò kan lórí WhatsApp a máa ṣe ju ẹ̀bẹ̀ ọdún méjì lọ.

Ẹ kà á kí ẹ tó kéde

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń ṣe àṣìṣe. Oṣù tí olè ti pọ̀ jù ni wọ́n máa ń pe ìpàdé pàjáwìrì, wọ́n á tan iná, olè á dín kù ní oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n á sì kéde pé iná ló ṣe é. Nígbà tí ó jẹ́ pé oṣù tó burú jù lọ, oṣù tó sàn jù ú lọ ló sábà máa ń tẹ̀ lé e, ìbáà tan iná, ìbáà má tan. Àṣìṣe New York ni, ní kékeré. Láti yẹra fún un, ẹ fi òpópónà méjì tó jọra sójú: ẹ ṣẹ́ gègé, kí ẹ tún ọ̀kan ṣe lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí èkejì dúró fún oṣù mẹ́fà. Ẹ sọ fún àwọn ará òpópónà kejì pé tiwọn ń bọ̀, kí ó má di ìjà. Kí akọ̀wé kan náà máa kọ ohun kan náà sínú ìwé kan náà ní òpópónà méjèèjì: ilé tí wọ́n fọ́, fóònù tí wọ́n gbà, ènìyàn tí wọ́n ṣe léṣe, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí. Ẹ má fi àwọn oṣù ìparí ọdún wé àwọn oṣù ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, nítorí gbogbo wa mọ bí oṣù Kejìlá ti í rí. Ẹ tún wo òpópónà kẹta, èyí tó kángun sí èyí tí ẹ tún ṣe, bóyá ibẹ̀ ni olè sá lọ. Ní Lowell wọ́n wo èyí, wọn kò sì rí i pé ìwà ọ̀daràn ṣí lọ sí àyíká.

Ní ìwé ọ̀tọ̀, kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ogún ilé, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, aago mélòó ni wọ́n ń wọlé, àti bóyá wọ́n ń rán ọmọ níṣẹ́ lálẹ́. Ó ṣeé ṣe kí iye olè wà bí ó ṣe wà, kí èyí sì yí padà, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní Newark. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ kà á bẹ́ẹ̀ gan-an fún ìpàdé, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn tó dáwó pinnu bóyá ohun tí wọ́n rà nìyẹn, kí wọ́n tó dìbò lórí ibi tí iná kejì yóò dúró sí.